Ẹ̀wà Tí Mo Pààrọ̀ Nínú Ife Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, wọ́n ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ fún yín. Ẹni tó bẹ̀ mí rò pé ìyìn ara mi ni màá kọ. Ó ní, "Àǹtí Ràṣí, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní sáyẹ́ǹsì, ìtàn tó dùn á pọ̀ lẹ́nu yín." Ó pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ èyí tó dùn nìkan, mo tún ti parọ́ nìyẹn, èyí tí mo ti pa sẹ́yìn sì ti tó mi.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sàngó, òun ló mú mi wá sí Ọ̀tà. A gba yàrá kan sí Ilo-Awela, mo sì ríṣẹ́ sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ní Joju. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ilé ìwé náà kò ju yàrá mẹ́rin lọ. Igi máńgòrò kan wà láàárín ọgbà, kànga wà lẹ́yìn ilé ìdáná, tí atẹ́gùn bá sì yí padà, òórùn rọ́bà tó ń jóná láti ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ á kún inú kíláàsì. A kì í tún ráhùn sí i mọ́, ó ti mọ́ wa lára.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Mọ̀mí Ṣówándé, olùkọ́ àgbà ilé ìwé náà. Obìnrin Ẹ̀gbá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ó máa ń ní ẹ̀rín òun kì í jí kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo kó ìwé ẹ̀rí olùkọ́ mi fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti mọṣẹ́. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó dá a padà fún mi, ó wá gbé abọ́ ńlá kan àti kàn-ìn-kàn-ìn lé mi lọ́wọ́. Odidi sáà kan gbáko, mi ò kọ́ ọmọ kankan. Abọ́ ni mò ń fọ̀, ọmọrí ìgò ni mò ń ṣà, mo sì ń wo bó ṣe ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

Irinṣẹ́ wa nígbà yẹn, ohun tí ẹlòmíì ń dà sí ààtàn ni. Agolo mílíìkì, ìṣó, ìkarahun ìgbín, òkúta, èkùrọ́. Mọ̀mí á gbé abọ́ omi sílẹ̀ sórí ẹní, àwọn ọmọ á yí i ká, á mú ìṣó kan dání, á ní, "Ṣé á rì, àbí á léfòó?" Kálukú á sọ tirẹ̀, á wá fi ìṣó náà lé ọmọ kan lọ́wọ́ pé kó sọ ọ́ sínú omi fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, a ó lọ kán-ún, a ó rọ ọ́ sínú fèrè aláfẹ́fẹ́ tí ọmọdé máa ń fẹ́, a ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò, a ó wá fi ẹnu fèrè náà bo ẹnu ìgò. Bí kán-ún bá ti kán sínú omi ọsàn báyìí, á hó yàà, fèrè á sì dìde dúró. Àwọn ọmọ á figbe ta, "Ó ń mí! Àǹtí, ó ń mí!" Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá gbọ́ igbe yẹn lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ mìíràn kò ní wù yín mọ́.

Mọ̀mí ní òfin. Ó ní kí n tó ṣe ohunkóhun níwájú ọmọ, kí n ti ṣe é nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún wọn, kí n bi wọ́n ni. Ó wá ní ohun tí ọmọ bá rí, òun náà ló rí, kódà tí kò bá bá ohun tó wà nínú ìwé mu. Mo ń dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà," bí ẹni tó gbọ́ ọ.

Sáà kejì ló jẹ́ kí n dá iṣẹ́ ṣe níwájú rẹ̀. Ọsàn ni mo yàn. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ọsàn tí a kò tíì bó máa ń léfòó, èyí tí a bá bó á rì. Mo ti kà á nínú ìwé, mi ò ṣe é nílé, àárẹ̀ mú mi lọ́jọ́ náà. Mo fi abẹ bó ọsàn kan bí àwọn tó ń ta ọsàn lójú ọ̀nà Ìdíròkò ṣe máa ń bó o, tí èpo òkè á lọ, tí awọ funfun á ṣẹ́kù. Mo sọ ọ́ sómi. Ó léfòó. Awọ funfun yẹn ló gbé e sókè, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí n ṣí kúrò, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ ní, "Àǹtí, ó léfòó!" Èmi náà ní, "Rárá o, ẹ wò ó dáadáa, ó ń rì." Mo ti fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ omi, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ohùn Mọ̀mí wá láti ẹ̀yìn. "Ràṣídátù, yọ ìka rẹ."

Mo yọ ọ́. Ọsàn fò sókè pọ̀. Ara mi gbóná dé etí. Ó wá sọ níwájú gbogbo àwọn ọmọ náà pé, "Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn." Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré o. Èmi tí mo ti lọ́kọ, tí mo ti bímọ, mo dúró níwájú àwọn ọmọ tí wọn kò tíì mọ bàtà wọn wọ̀, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ rí i dáadáa. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́." Ọmọkùnrin kan pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà, mo ní obìnrin yìí kórìíra mi. Ọkọ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń fojú mi gbolẹ̀ báyẹn. Mi ò fi í sílẹ̀. Ó sì pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé oore tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni ṣe fún mi lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo mọṣẹ́, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ bí yìnyín ṣe ń di omi lórí àwo. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya òjìji wọn sílẹ̀ láàárọ̀, mo tún yà á lọ́sàn-án, wọ́n wá ń bèèrè ẹni tó gé òjìji wọn kúrú. Mọ̀mí fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí sípò rẹ̀. Láyé tèmi, ẹni tó nilé ìwé ra àpótí sáyẹ́ǹsì tó wá láti òkè òkun, awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wà níbẹ̀, irin òòfà aláwọ̀ pupa náà wà níbẹ̀. Àwọn agolo wa sì lọ sí ibi tí agolo ń lọ. Ilé ìwé mìíràn ti ṣí lápá ọ̀tún wa, òmíràn ti ṣí lápá òsì, ibi tí wọ́n bá ti rí ohun tó ń dán làwọn òbí ń kó ọmọ lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ópìn-Dè, ó di ọjọ́ ogun fún wa. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan á wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì máa wá a kiri, á ní, "Ti ọmọ mi dà?" Olùkọ́ tí ti ọmọ onítọ̀hún kò bá dára lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á bá a.

Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ẹ̀wà ni mo ní kí kíláàsì mi gbìn fún Ópìn-Dè. Kò sí ohun tó rọrùn jù ú lọ: òwú nínú ife rọ́bà, ẹ̀wà mẹ́ta lórí òwú, omi díẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ mẹ́rìnlélógún, ife mẹ́rìnlélógún, mo sì kọ orúkọ sí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wà funfun láti ilé ìdáná ilé ìwé ni a lò, omi kànga ni a sì ń bù sí i. Èmi náà gbin tèmi sínú àwo ńlá kan nílé lọ́jọ́ kan náà, nítorí òfin Mọ̀mí, ṣùgbọ́n ẹ̀wà olóyin ni mo ní nílé, òun ni mo lò.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Fẹ̀yí. Ó lè ní ọdún márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù nínú ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó. Ọmọ tí kì í gbójú kúrò lára nǹkan ni Fẹ̀yí, á wo èèrà títí á fi wọ ihò. Ìyá rẹ̀ máa ń fún un ní omi nínú ìgò wá láti ilé. Lọ́jọ́ kejì tí a gbin ẹ̀wà, mo rí i tó ń da omi ìgò rẹ̀ sínú ife rẹ̀. Mo ní, "Fẹ̀yí, omi ti wà nínú korobá níbẹ̀ yẹn." Ó ní, "Àǹtí, omi ìyẹn ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kò wu ẹ̀wà mi láti mu." Mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá lọ. Èmi náà ti kíyè sí i pé omi kànga náà ń yọ̀ díẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rò pé wọn ò ṣan korobá dáadáa ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀wà Fẹ̀yí hù. Ó tẹ orí, ó na ẹsẹ̀ funfun kan sínú òwú. Ife mẹ́tàlélógún tó kù, kò sí ọ̀kan tó hù. Ẹ̀wà inú wọn wú, wọ́n rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Fẹ̀yí ń lọ láti ìdí ife kan dé òmíràn, ó ń fi imú gbóòórùn wọn. Nílé mi, ẹ̀wà tèmi ti ń ga. Ẹ wò ó bí ìdáhùn ṣe jókòó síwájú mi! Omi ilé, ẹ̀wà hù. Omi ìgò, ẹ̀wà hù. Omi kànga, ẹ̀wà jẹrà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á rí i. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi rí i. Èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Ópìn-Dè ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn tí mo kírun àsùbá, mo kó ẹ̀wà ilé mi sínú kúlà, mo gun ọ̀kadà, mo dé ilé ìwé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo da ti àwọn ọmọ mẹ́tàlélógún nù sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi tèmi rọ́pò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò fọwọ́ kan ti Fẹ̀yí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn nígbà tí mo parí. Mo wo orí tábìlì náà, ó dára, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, mo tilẹ̀ ń kọrin jẹ́jẹ́.

Àwọn òbí kún inú kíláàsì. "Ti ọmọ mi dà? Háà, ẹ wo ti ọmọ mi!" Ẹni tó nilé ìwé ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ti pe Mọ̀mí Ṣówándé gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, ó jókòó níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Fẹ̀yí dúró ti tábìlì, ó ń wo ife ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan ẹ̀wà náà, ó wá gbójú sókè, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó rí nǹkan tó ya òun lẹ́nu, kò fi ṣe àfojúdi rárá.

"Àǹtí, èyí kì í ṣe tiwọn. Tiwọn funfun. Èyí pupa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi gbẹ. Ó tún ní, "Tiwọn ti jẹrà. Omi kànga ló pa á. Tèmi mu omi mi, òun ló jẹ́ kó hù."

 Ìyá kan gbé ife ọmọ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó fínnífínní. Ẹni tó nilé ìwé wò mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò, mo mọ̀ ọ́n, mo ti sọ ọ́ rí, ẹni tó fi kọ́ mi sì jókòó níwájú mi. Kàkà kí n sọ ọ́, mo ní, "Fẹ̀yí! Ta ló kọ́ ọ nírọ́ báyìí? Níwájú àwọn àgbà?"

Ó ní, "Mi ò parọ́, Àǹtí. Mo rí i."

Bàbá rẹ̀ dìde, ojú tì í, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ torí ó tọrọ ààyè wá ni. Ó ní, "Ṣé bí o ṣe máa ń ṣe nílé ìwé nìyí? O ń já olùkọ́ rẹ nírọ́?" Mo ní kí Fẹ̀yí kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Mo ní kó sọ pé, "Ẹ má bínú, mo parọ́." Kò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ń wojú mi, ó ń wá nǹkan kan lójú mi tí kò rí. Bàbá rẹ̀ kígbe mọ́ ọn, ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. Ṣé kí n dá a dúró níbẹ̀? Mi ò dá a dúró. Mo bu omi kànga sínú ife, mo ní, "Ó yá, mu ún, kí gbogbo ayé rí i pé omi wa dára." Ó mu ún tán. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Èmi fúnra mi kò mu nínú rẹ̀.

Ayàwòrán ní kí á tò, a tò, ó ya fótò: èmi, àwọn ọmọ mẹ́rìnlélógún àti ife wọn. Nígbà tí wọ́n ń túká, Mọ̀mí kọjá lára mi. Ó ti wo inú ife méjì, obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin ẹ̀wà sínú òwú kò ní ṣàì mọ ẹ̀wà funfun yàtọ̀ sí olóyin. Ó fẹnu sí etí mi. "Ràṣídátù," ó ní, "yọ ìka rẹ." Àwọn òbí ṣì wà lọ́gbà. Ó fún mi láyè, ó dúró. Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ọkọ̀." Ó wò mí, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹlẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Fẹ̀yí kò gbé ìgò omi wá mọ́. Bàbá rẹ̀ ti ní kó máa mu ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mu, kó má fi ara rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ẹnu wọn bó, inú ń run wọ́n. Ti Fẹ̀yí ló le jù. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn elétò ìlera wá bu omi kànga wa lọ. Ẹnì kan ló ń ṣe ọṣẹ olómi lẹ́yìn ògiri wa, kọ́sítíìkì, èròjà ọṣẹ tí ń jó èèyàn lára, tó ń fọ̀ dànù ló ń ṣàn wọ inú ilẹ̀. Wọ́n ti kànga náà pa, onílé ìwé gbẹ́ omi ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tó rántí pé ọmọ ọdún márùn-ún kan ti sọ ọ́ níwájú gbogbo wa.

Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Mo ra ọsàn àti bisikíìtì dání bí èèyàn gidi. Ètè rẹ̀ ti bó, ó rí mi, ó sì gbìyànjú láti dìde kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Àǹtí, mo ń mu ún o. Mo ń mu ún lójoojúmọ́." Kí n lè yìn ín ni. Bàbá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Bí ẹ ṣe bá a wí lọ́jọ́sí yẹn dára. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá sí ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà." Mo jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Kí sáà tó parí, wọ́n kó lọ sí Àtàn, mi ò rí ọmọ náà mọ́.

Mo lọ kí Mọ̀mí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Ó fún mi lómi tútù, ó bèèrè ọkọ mi àti àwọn ọmọ. Ó ń dúró dè mí, mo mọ̀ pé ó ń dúró dè mí. Mo sọ̀rọ̀ òjò, mo sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, mo kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tí mo máa tún gbọ́ nípa rẹ̀, ìkéde ìsìnkú ni. Láti ìgbà náà, mi ò lè rí ọsàn tí wọ́n bó sílẹ̀ kí n má gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ ń lọ ní tirẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Àwọn olùkọ́ tó kéré sí mi kì í da omi sílẹ̀ mọ́, wọ́n á tan fídíò, àwọn ọmọ á jókòó, ẹ̀wà á hù lójú wọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Inú fídíò, gbogbo ẹ̀wà ló ń hù. Mo máa ń fẹ́ bínú sí wọn, màá rántí ara mi, màá panu mọ́. Ta ni mí tí màá bá wọn wí? Èmi ti ṣe fídíò tèmi kí tiwọn tó dé.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣe mí lẹ́yẹ. Wọ́n ní èmi ni olùkọ́ tó kọ́ ọmọ láti gba òtítọ́ gbọ́. Wọ́n wá gbé ẹ̀bùn kan jáde, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó, ó gùn tó apá mi: fótò Ópìn-Dè ọjọ́ yẹn. Gbogbo àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ ayàwòrán. Fẹ̀yí nìkan ló ń wo inú ife rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ojú tì mí dé ibi tí mi ò fi mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé fótò náà délé, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ọkọ mi bèèrè ìdí rẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Ó ní, "Kì í ṣe èmi ló yẹ kó o sọ ọ́ fún."

Mo wá Fẹ̀yí kiri. Ẹnì kan tó mọ bàbá rẹ̀ júwe ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan fún mi ní Àtàn. Mo mú aṣọ kan tí n kò tíì rán dání, bóyá kí n má bàa dé lọ́wọ́ òfìfo, bóyá kí n lè rí ibi sá sí tí ẹnu mi bá tún gbẹ. Fẹ̀yí ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, ó ga, ojú rẹ̀ kò yí padà. Kò mọ̀ mí. Ó na téèpù sí èjìká mi, ó wo nọ́ńbà, ó tún un wò, ó tún nà á. Ó wá pe ẹni tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé ohun tí mo rí nìyí?" Ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó ní ó pé. Ó wá sọ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ẹ má bínú, Màmá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í gba ojú ara rẹ̀ gbọ́."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Mo ní kí Fẹ̀yí jókòó. Mo sọ orúkọ mi fún un àti orúkọ ilé ìwé wa. Ó figbe ta, "Àǹtí Ràṣí!" ó sì kúnlẹ̀. Kí n tó la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o. Dádì máa ń sọ ọ́ títí dòní pé mo parọ́ mọ́ yín níwájú àwọn èèyàn. Mi ò rántí ohun tí mo sọ mọ́, mo kàn mọ̀ pé mo máa ń parọ́ ní kékeré."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Fẹ̀yí, o kò parọ́. Ìwọ lo rí i dáadáa. Èmi ni mo parọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀wà funfun, ẹ̀wà olóyin, kúlà, omi kànga, ife omi tí mo ní kó mu. Ọ̀gá rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Mo ń sunkún, Fẹ̀yí kò sunkún. Ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe máa ń wo èèrà. Ó wá bèèrè ohun kan ṣoṣo.

"Nítorí náà, tèmi hù?"

"Ó hù," mo ní. "Tìrẹ nìkan ló hù."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ó ní òun á sọ ọ́ fún Dádì, mo ní èmi fúnra mi máa lọ sọ ọ́ fún un, mo sì ti lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, ó dùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù náà. Fẹ̀yí dìde, ó mú téèpù rẹ̀, ó ní kí n dìde kóun parí iṣẹ́. Ó yí téèpù mọ́ mi níbàdí. Ó wo nọ́ńbà. Mo ń wojú rẹ̀. Ó tún un wò, ó gbójú sókè, ó sì pe, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."